Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹranko lórí nínú òkun oníyìnyín, kí ni wọ́n ń fi ṣe?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru yìí náà. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa, tẹlifíṣọ̀n ń ṣe ètò ẹranko, wọ́n wá fi ẹranko òkun kan hàn, ó tóbi, ó sanra, kò lẹ́sẹ̀, ó kàn sùn gbalaja sétí omi, yìnyín ló wà níbi gbogbo, wọ́n sì lẹ nǹkan kékeré kan mọ́ ọn látàrí tó ní eríálì. Kí wọ́n tó sọ ohun tó wà fún ni iná lọ. Onígbàjámọ̀ ní òyìnbó ń fi ṣe amí ọkọ̀ ogun ara wọn ni, ẹnì kan ní irọ́ ni, àríyànjiyàn ọ̀hún le débi pé wọ́n gbàgbé orí tí wọ́n ń gẹ̀ lọ́wọ́. Kí ni nǹkan yẹn ń ṣe gan-an? Wọ́n lọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n ní sátẹ́láìtì, kí ló dé tó jẹ́ ẹranko ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀? Ṣé kì í dùn ún ni?

Tísà Jọ́gíráfì (Adó)
Kì í ṣe amí rárá, ẹ bá mi sọ fún onígbàjámọ̀ yín kó gbájú mọ́ kílípà ẹ̀ jàre. Elephant seal ni ẹranko yẹn, irú èyí tó wà ní gúúsù ayé ló tóbi jù, akọ ẹ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 4, abo kéré sí i gan-an. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rọ yẹn ń kà: bí omi ṣe tutù tó, bí iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí ibi tí ẹranko dé ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Kò tọ́ iyọ̀ yẹn wò o, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá ló fi ń mọ̀ ọ́n, torí omi oníyọ̀ máa ń gbé iná ju omi lásán lọ. Yunifásítì St Andrews ní Scotland ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń lò jù.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹranko nìyí. Tí ìgbà òtútù bá dé níbẹ̀, yìnyín á bo òkun tó yí Antarctica ká, ọkọ̀ tó lè wọ ibẹ̀ nígbà yẹn ò tó nǹkan, owó ẹ̀ sì ga. Sátẹ́láìtì ń wo ojú omi láti òkè, kò lè wo inú ẹ̀. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Argo, òun ń léfòó kiri fúnra ẹ̀, á lọ sísàlẹ̀ dé 2000 mítà, á tún gòkè wá ní bí ọjọ́ 10 síra wọn, ẹ̀rọ tó dáa ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yọrí síta kó tó lè fi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́, tí yìnyín bá wá dé e mọ́lẹ̀ ńkọ́? Síìlì ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ihò jáde kó lè mí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ. Oúnjẹ ló sì ń wá kiri, lọ́sàn-án, lóru, á lọ sísàlẹ̀ 400 sí 600 mítà fún bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, á jáde wá mí fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, á tún padà. Wọ́n ti rí èyí tó lọ ju 2000 mítà lọ.

Bó ṣe ń gòkè bọ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, torí náà bí orí ẹ̀ bá ti yọ síta báyìí, eríálì ti wà lókè, á sì fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì Argos (ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Argo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ wọn ló jọra). Àmọ́ àyè tí wọ́n fún un láti fi ránṣẹ́ kéré gan, kéré ju tẹ́ẹ̀sì fóònù wa lọ, ìyẹn ni kì í fi í kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, bí 20 ibi péré ló máa ń mú, àwọn ibi tí omi ti yí padà jù. Ohun tó tún dáa ni pé àwọn sátẹ́láìtì yẹn ń gba orí òkè ayé àti ìsàlẹ̀ ayé kọjá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí po, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wọn ju orí Èkìtì tiwa yìí lọ.

Sọ̀rọ̀ Sókè
Tísà ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ẹranko yẹn fọwọ́ síwèé. Wọ́n mú un, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n lẹ irin mọ́ ọn lórí, ó sì máa gbé e kiri fún oṣù mélòó. Tó bá jẹ́ ewúrẹ́ ẹnì kan ní Ìjerò ni wọ́n ṣe báyẹn sí, ṣé ẹ rò pé kò ní di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá? Haba.

Dọ́kítà Ẹran
@Sọ̀rọ̀ Sókè ìbéèrè gidi lo bi. Màlúù àti ewúrẹ́ ni iṣẹ́ tèmi, mi ò fọwọ́ kan síìlì rí, àmọ́ mo ti ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dọọdún ni elephant seal máa ń wá sórí ilẹ̀ láti pààrọ̀ irun, kì í sì í ṣe irun nìkan ló ń bọ́, awọ òkè náà á bá a bọ́ ní pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń wò tó bá fẹ́ jẹun. Tí irun tuntun bá ti hù tán ni wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á nu irun orí ẹ̀ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á po gúlù epoxy, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e kí eríálì lè kọjú síbi tó máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú omi. Kò sí ìṣó, kò sí pé wọ́n lu ihò sí i. Irun ni gúlù dì mú, torí náà tí irun yẹn bá tún bọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà ti lọ nìyẹn. Ó wúwo tó bí ìdajì kílò, lórí ẹran tó jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò. Àwọn ará Australia tiẹ̀ fi àwọn tó gbé ẹ̀rọ wé àwọn tí kò gbé e ní erékùṣù Macquarie, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2008, wọn ò rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń sanra tàbí bí wọ́n ṣe ń pẹ́ láyé.

Ibi tí ọkàn tèmi ò ti balẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹranko tó ti mọ́ lára láti sé èémí, tí oògùn bá gbé e sùn ó lè gbàgbé láti mí, nǹkan tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ síìlì mọ̀ dáadáa nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti imú ẹran yẹn kó máa ka èémí ẹ̀ títí tó fi máa jí, kó má dán an wò.

Sọ̀rọ̀ Sókè
Ó dáa, mo gbọ́ ti gúlù. Kí ni wọ́n wá ti rí níbẹ̀ tó tó gbogbo wàhálà yìí? Kí ló sì kan àwa tá a wà lórí òkè níbí, tí a ò tiẹ̀ létí òkun?

Tísà Jọ́gíráfì (Adó)
Ẹ fara balẹ̀, ibí gan-an ló dùn sí.

Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì rí mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù lè wá láti ojúsun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n pàdé, kéèyàn tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó ṣì mọ èyí tó jẹ́ èwo. Inú òkun náà ní omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyẹn, àmọ́ níbẹ̀ èyí tó wúwo ló ń rì sábẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ní etí Antarctica, atẹ́gùn líle máa ń gbá yìnyín kúrò lójú omi, omi á tún dì, atẹ́gùn á tún gbá a lọ, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá omi dì, inú omi tó ṣẹ́ kù ló ń dúró sí. Omi yẹn á wá tutù, á níyọ̀ gan, á wúwo, á rì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ibi mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí irú omi yẹn ti ń wá. Ní 2013 àwọn ará Jàpáàn fi hàn pé ìkẹrin wà, ní Cape Darnley, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ òkun àti ohun tí síìlì gbé wá ni wọ́n fi mọ̀. Òkun ibẹ̀ nígbà òtútù, ta ló fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n?

Ní 2023 náà, wọ́n kíyè sí i pé síìlì ń lọ jìn ju ibi tí máàpù sọ pé ilẹ̀ òkun wà lọ. Ẹranko ò sá lè wọnú àpáta, àbí? Máàpù ló ní àṣìṣe. Wọ́n rí àfonífojì kan tó jìn ju 2000 mítà lọ nítòsí odò yìnyín Vanderford ní ìlà-oòrùn Antarctica, ọkọ̀ Nuyina ti Australia náà wọ̀n ọ́n wò, wọ́n sì fi orúkọ ẹranko àti orúkọ ọkọ̀ sọ ọ́, Mirounga-Nuyina (Mirounga ni orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe elephant seal). Àfonífojì bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì torí òun ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè gbà dé abẹ́ yìnyín kó máa yọ́ ọ, yìnyín orí ilẹ̀ tó bá sì yọ́ wọ òkun, òkun á kún sí i, ẹ bi àwọn ará wa tó kọ́lé sí Lẹ́kí.

Ti pé kí ló kàn wá: omi tó rì ní Antarctica yẹn ò dúró síbẹ̀. Ó ń wọ́ lọ sí àríwá nísàlẹ̀ òkun Atlantic, nígbà tó bá dé ìtòsí ibi tó pín ayé sí méjì, ó ń gba àlàfo kan tó ń jẹ́ Romanche kọjá, á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun jínjìn níwájú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Omi tútù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Gulf of Guinea, ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ló gbà wá. Àwa tí kò létí òkun náà ń jẹ ẹja òkun, kẹ́ ẹ má gbàgbé.

Ìyá Ìbejì
Èkìtì, ilẹ̀ pùròfẹ́sọ̀! Tísà, ọmọ mi kan ń ka físíìsì ní yunifásítì Ọyẹ́, ó ń wá ohun tó máa fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n láwọn ẹ̀rọ láàbù ò ṣiṣẹ́. Ṣé wọ́n ń ta nǹkan tí àwọn síìlì yìí ń kó jọ ni àbí ọ̀fẹ́ ni?

Tísà Jọ́gíráfì (Adó)
Ọ̀fẹ́ ni mà. MEOP lorúkọ ẹgbẹ́ tó ń kó o jọ, láti 2015 ni wọ́n ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù ìgbà tí ẹranko lọ wálẹ̀ tí ẹ̀rọ ka omi. Kó mọ̀ pé iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ní àtúnṣe o, torí orí ẹranko fúnra ẹ̀ máa ń da ìwọ̀n yẹn rú díẹ̀, kó ka àlàyé wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì fẹ́ òkè ayé lọ́hùn-ún dípò ìsàlẹ̀, wọ́n ti lo narwhal (irú àbùùbùtán kan) ní Baffin Bay lẹ́gbẹ̀ẹ́ Greenland, àwọn yẹn fi hàn pé omi ibẹ̀ nígbà òtútù gbóná ju bí máàpù àtijọ́ ṣe sọ lọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé fóònù lè ṣí i?

Tísà Jọ́gíráfì (Adó)
Rárá mà, fáìlì netCDF tí wọ́n ń kó dátà sáyẹ́ǹsì sí ni, kọ̀ǹpútà àti Python (èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ló máa lò. Kó mú agbègbè kan ṣoṣo, kó má wa gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dátà oṣù kan ló máa tán lọ́sàn-án kan.