Ṣé mo lè sáìnì fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì fún màmá mi?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará mi, màmá mi ní rọpárọsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIA, ni wọ́n fi ń gbàtọ́jú n'Ílọrin. Lánàá nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù kléèmù fún mi, ó ní kí n sáìnì bíi tiwọn, pé láìsí sáìnì, HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá inṣọ́ránsì sanwó, ò ní sanwó fún ọsibítù. Mo kàn dúró tí mo mú báírò dání. Ṣé kò ní di wàhálà?

Ìyá Ìbejì Tankẹ́: Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ẹ má ṣe sáìnì bíi tiwọn o, fọ́jírì nìyẹn! Orúkọ tiyín ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ wọn ni yín, pẹ̀lú déètì. Àbí kí wọ́n fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, tí ọpọlọ wọn bá ṣì pé.

Alfa Òkè-Odò: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kà á. Èyí tí wọ́n ní kí n sáìnì fún bàbá mi lọ́dún tó kọjá, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìkan péré ni wọ́n gún wọn lójú mi, mo ní ẹ fagi lé méjì, ni kíláàkì bá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jà. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ má fọwọ́ sí i láéláé. 10 nínú 100 owó oògùn tá à ń san lápò ara wa náà, ẹ gba rìsíìtì ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ti tẹ̀ka láàárọ̀ yìí, íǹkì ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àfi bí ẹni tó lọ dìbò 😂