Mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí obìnrin apànìyàn inú ìtàn mi

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé Ìbàdàn lásìkò rògbòdìyàn òṣèlú Wẹ́tìẹ̀ ọdún 1965, ẹ jọ̀ọ́, mo ń kọ ìtàn àròsọ nípa obìnrin kan tí wọ́n dáná sun bàbá rẹ̀ nígbà náà, tí ó padà wá lẹ́yìn ọdún 10 pẹ̀lú orúkọ tuntun, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, tí ó sì ń pa àwọn tó hu ìwà ibi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Ìjẹ̀bú ni òun, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń pe ‘ṣùgbọ́n’ ní ‘sùgbọ́n’ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣé onílé lè gbà á láìbéèrè agboolé rẹ̀? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni oríkì: bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ki ìdílé rẹ̀ lójú rẹ̀, ǹjẹ́ ó lè pa ẹkún mọ́ra?