Àwọn elégbè ń pòórá nínú orin apíìrì tí mò ń ṣe, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo ti ń gba ohùn orin sílẹ̀. Àwọn ìyá kan láti Ìkẹ́rẹ́ wá kọ apíìrì: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, agogo kan, olórí orin àti elégbè mẹ́fà. Mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó máa ń fẹ ohùn sítẹ́rìò sí ọ̀tún àti òsì, mo gba elégbè àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, orí mi wú! Àfi bíi pé àárín agbo gan-an ni mo jókòó sí.

Ìyá àgbà wá gbọ́ ọ lórí fóònù kékeré rẹ̀. Ó gbé e mọ́ etí, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn elégbè mi dà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, torí òótọ́ ni.

Ó yé mi pé bí ohùn ọ̀tún àti tòsì bá dojú kọ ara wọn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́ nínú sípíkà kan ṣoṣo. Ọwọ́ mítà mi, èyí tó ń fi hàn bóyá ohùn ọ̀tún àti tòsì bára mu, ń bọ́ sísàlẹ̀ òdo nígbà tí elégbè bá gbè.

Ṣé kí n dín bọ́tìnnì tó ń fẹ ohùn lára ẹ̀rọ náà kù ni, àbí kí n fẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan? Tàbí kí elégbè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì, láìlo ẹ̀rọ náà rárá? Èyí ló wù mí jù, àmọ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ráyè padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó bá mi sọ ọ́.