Kàtúùnù wo ni kí n fi han àwọn ọmọ tí wọ́n gbà pé bọ́ọ̀sì, ìkà inú fíìmù, ò lè ṣe rere?

Ìyá Léṣìn, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọ̀rọ̀ kàtúùnù ni, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń ṣe léṣìn fún àwọn ọmọ àdúgbò nígbà ọlidé. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí iṣẹ́ bá ti parí, a máa ń ta aṣọ funfun sára ògiri, a ó tan pùrójẹ́kítọ̀ àbúrò mi, a ó sì wo fíìmù. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 5, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Bí fíìmù bá ti tán, wọn a bọ́ sí àgbàlá láti fi ohun tí wọ́n wò ṣeré. Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ ṣe áktọ̀, akọni inú fíìmù. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó sígbọnlẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, tí ohùn rẹ̀ sì nípọn. Òun ni wọ́n máa ń sọ di bọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà. Wọn kì í bi í, wọn a kàn nàka sí i: "Ìwọ ni bọ́ọ̀sì!" Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sunkún. Ní báyìí kò sunkún mọ́, ó ti ń lù wọ́n ní àlùbolẹ̀. Bí mo bá pè é, á wojú mi, á ní, "Àǹtí, ṣebí bọ́ọ̀sì ni mí."

Mo ń wá kàtúùnù tí ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ìkà ò ti jẹ́ ìkà tán, tàbí tí ẹni tí wọn ò kà kún ti gba ìlú là. Kó má ní ìṣekúṣe nínú, kó má sì dẹ́rù ba àwọn kéékèèké jù. Dátà wọ́n o, ẹ má to ogún sílẹ̀ fún mi.

Bùrọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ fi Megamind bẹ̀rẹ̀. DreamWorks ló ṣe é ní 2010, kò sì tó wákàtí méjì.

Ọmọ méjì ni àwọn òbí wọn gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ibi tí wọ́n ń gbé fẹ́ pa run. Ọ̀kan balẹ̀ sílé olówó, ó di ààyò ìlú. Èkejì balẹ̀ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí wọ́n pàdé ní ilé ẹ̀kọ́, gbogbo ohun tí Megamind bá dáwọ́ lé ló ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tíṣà á sì ní kó lọ dúró ní kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ yẹn ló wà tó fi sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ìwà burúkú lòun mọ̀ ọ́n hù jù, òun á kúkú di ọ̀gá nídìí ẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń sọ yẹn gan-an nìyẹn.

Ibi tó dùn jù ni pé ó ṣẹ́gun Metro Man, ọmọ ilé olówó yẹn, ó gba ìlú, ó wá rí i pé kò sí ohun tóun fẹ́ fi ìlú ṣe. Kó lè rí ẹni bá jà, ó fún ọkùnrin kan tó ń gbé kámẹ́rà kiri ní agbára akọni. Onítọ̀hún ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó ń jí nǹkan onínǹkan kó ni. Bọ́ọ̀sì àná ló wá gbọ́dọ̀ gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èkejì ni Wreck-It Ralph, ti Disney, ọdún 2012. Inú ẹ̀rọ géèmù ni Ralph ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ́ ilé, kí Felix máa tún un ṣe. Felix ń gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ń ju Ralph sí ẹrẹ̀ láti òkè ilé, orí òkìtì bíríkì ló ń sùn sí. Nígbà tí géèmù náà pé 30 ọdún, wọ́n ṣe àríyá, wọn ò pè é. Ó bá jáde lọ wá àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ kiri inú géèmù mìíràn, ó sì pàdé ọmọbìnrin kan, Vanellope, tí wọ́n lé sẹ́yìn torí pé ara rẹ̀ máa ń ṣẹ́ fìrífìrí bí TV tí àńténà rẹ̀ ò dúró. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ìparí, àmọ́ ọwọ́ tó fi ń fọ́ nǹkan yẹn náà ló fi gbà wọ́n là. Kò di ẹlòmíràn kó tó wúlò.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Despicable Me náà ńkọ́? 2010 lòun náà. Gru fẹ́ jí òṣùpá, ó gba ọmọ òrukàn mẹ́ta tọ́ torí kó lè fi wọ́n ṣe ọgbọ́n wọlé ọ̀tá rẹ̀, àwọn ọmọ náà bá yí i lórí pátápátá. Olùpọ́njú! Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láti kékeré ni kí ìyá rẹ̀ yìn ín, ìyá ò yìn ín. Mo sunkún níbẹ̀, àwọn ìbejì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìkìlọ̀ kan ṣá: àwọn nǹkan kéékèèké yẹ́lò inú rẹ̀ yẹn, bí àwọn ọmọ bá ti kọ́ ohùn wọn, ẹ ò ní gbádùn nílé yín fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Alàgbà, Ìpẹru

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á bọ̀. N ò bá yín jà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìkà wà láyé o. Bí ọmọdé bá ń wo olè tó lójú àánú, ìkà tó lọ́kàn rere, lọ́jọ́ tó bá pàdé gbọ́mọgbọ́mọ gidi ńkọ́? Ṣé yóò dúró bi í pé kí ló ṣe é ní kékeré ni? Nígbà tiwa, bí Ògúndé ọmọ Òṣóṣà bá gbé eré jáde, àjẹ́ ni àjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wádìí ìdí. A lọ sílé, a mọ ohun tó yẹ ká sá fún.

Bùrọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ẹ kú àdúrótì wa. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìkà gidi wà nínú àwọn fíìmù yìí, ibi tí àwọn ọmọ ti ń wá a ni kì í sí. Nínú Megamind, ẹni tí wọ́n sọ di akọni ló bàjẹ́. Nínú The Bad Guys, ti 2022, ìkookò, ejò àti ẹja ekurá ni gbogbo ìlú ń sá fún, àmọ́ eku kékeré onírun dídán tí wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn ọmọlúàbí ló ń jalè. Gbọ́mọgbọ́mọ tí ẹ ń sọ kì í wọ aṣọ bọ́ọ̀sì wá, Bàbá. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ tó mú súìtì dání ni.

Alàgbà, Ìpẹru

Mo gbọ́ ti súìtì. Ẹ máa bá a lọ.

Mẹkáníìkì, Ọ̀nà Ìkòròdú, Ṣàgámù

Ẹ fi How to Train Your Dragon hàn wọ́n, ti 2010. Èmi ò lọ́mọ tó kéré mọ́, èmi fúnra mi ni mò ń wò ó.

Ìlú kan ni, dírágónì ń wá kó àgùntàn wọn lálaalẹ́. Ọmọ báálẹ̀, Hiccup, ò lè gbé àáké, ojú ń ti bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi í sí. Lóru ọjọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ tó ṣe fúnra rẹ̀ já dírágónì kan bọ́ láti òkè, apá kan ìrù rẹ̀ gé, kò lè fò mọ́. Ọmọ náà ò lè pa á. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọn ìrù, ó gé awọ, ó lọ irin, ó ṣe ìrù mìíràn fún un. Ó lọ dán an wò, kò dúró dáadáa, ó tún un ṣe, ó fi okùn sí i, ó fi ibi ìtẹ̀sẹ̀ sí i kí òun lè máa darí ẹ̀. Ẹni tó bá ti tún mọ́tò ṣe rí á mọ̀ pé ẹni tó ṣe fíìmù yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó wá fò wọlé sí ibi tí àwọn dírágónì ń gbé, ó sì rí i pé ọ̀gá ńlá kan ló wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ èyí tí kò bá gbé ẹran dé. Ìdí àgùntàn rèé.

Olùkọ́ Faransé, Àgọ́-Ìwòyè

Ó yà mí lẹ́nu pé látàárọ̀ tí ẹ ti ń rin òkè òkun kiri, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Kirikou et la sorcière. Ọmọ Faransé ló ṣe é lóòótọ́, Michel Ocelot, ní 1998, àmọ́ Conakry ní Guinea ló ti ṣe kékeré, ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì mú lò. Youssou N'Dour ará Senegal ló ṣe orin rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé ìyá àgbà kan ló ń pàlọ́. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú oyún, ó ní kí ìyá òun bí òun. Ìyá ní ọmọ tó bá lè sọ̀rọ̀ nínú ikùn lè bí ara rẹ̀. Ó jáde, ó gé ìwọ́ rẹ̀, ó ní Kirikou lorúkọ òun, ó sì bèèrè bàbá rẹ̀. Wọ́n ní Karaba ti jẹ ẹ́. Karaba ni àjẹ́ tó ń gba wúrà àwọn obìnrin, tí wọ́n ní ó gbẹ omi ìsun abúlé, tó sì jẹ gbogbo ọkùnrin tán.

Ọmọ yìí ò ga dé orúnkún àgbàlagbà, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi gbogbo ẹni tó bá rí: kí ló dé tí Karaba fi burú? Wọ́n ní kó panu mọ́. Ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ lórí òkè tí Karaba sọ di èèwọ̀. Bàbá sọ fún un pé ẹ̀gún olóró kan ni àwọn ọkùnrin gún mọ́ Karaba lẹ́yìn. Ẹ̀gún yẹn ló fún un lágbára, òun náà ló sì ń dùn ún tọ̀sán-tòru, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, torí ìrora yíyọ rẹ̀ lẹ́rù bà á.

Alàgbà, nítorí tiyín ni mo ṣe ń kọ èyí gùn. Fíìmù yẹn ò ní Karaba ò jẹ̀bi. Wúrà tó gbà, ó gbà á. Ilé tó ní kí wọ́n sun, wọ́n sun ún. Àmọ́ omi tí wọ́n ní ó gbẹ, ẹranko kan ló wà nínú ihò tó ń mu ún. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní ó jẹ, kò jẹ wọ́n, ó sọ wọ́n di ère tó ń ṣiṣẹ́ fún un ni. Àwọn ọmọ á rí i pé èèyàn lè jẹ̀bi ohun tó ṣe, kí ìlú sì tún di ohun tí kò ṣe lé e lórí. Kirikou ò sì fi ẹnu lásán bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọgbọ́n tàn án jáde kúrò láàárín àwọn ère rẹ̀, ó fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi eyín yọ ẹ̀gún.

Àǹtí Léṣìn, ẹ sọ fún àwọn òbí ṣáájú: ìhòòhò ni àwọn ọmọdé inú rẹ̀ wà, àwọn obìnrin ò sì bo àyà, bí abúlé àtijọ́ ṣe rí. Kò sí ìṣekúṣe kankan níbẹ̀, àmọ́ kí òbí má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ.

Alàgbà, Ìpẹru

Kékeré abẹ́rẹ́ nìyẹn, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ tó ń béèrè ìdí yẹn wọ̀ mí lára. Ní ti àwọn olè tí ẹ ń dárúkọ, n ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Zootopia, 2016, ẹ má fò ó. Princess Mononoke ti àwọn ará Japan, 1997, dára ju gbogbo èyí tí ẹ kà lọ lójú tèmi: obìnrin tó ń pa igbó run náà ló gba àwọn adẹ́tẹ̀ sílé. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń gé apá, kò yẹ àwọn kéékèèké. Puss in Boots: The Last Wish náà, ikú ló wá bí ìkookò, ó ń súfèé. Ẹ máa fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Iwájú ńkọ́? Ti Èkó, tí Disney àti Kugali jọ ṣe ní 2024?

Ọmọ Ìlíṣàn

Ó dára mà, àmọ́ apá 6 ni, kì í ṣe fíìmù ẹyọ kan. Gbọ́mọgbọ́mọ sì ni bọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ fún Alàgbà.

Alàgbà, Ìpẹru

Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.

Ìyá Léṣìn, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á bá yín wo àwọn ọmọ. Kirikou ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Wreck-It Ralph. Dírágónì ìkẹta. Àmọ́ ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Àwọn kéékèèké ò gbọ́ òyìnbó àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn dáadáa, ká má tíì sọ Faransé.

Olùkọ́ Faransé, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má jẹ́ kó sáré. Ẹ kọ́kọ́ wò ó tán fúnra yín. Bẹ́ ẹ bá wá ń wò ó pẹ̀lú wọn, ẹ máa dá a dúró, kí ẹ pa ìtàn ibẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, "Ààlọ́ o!" kí wọ́n dáhùn, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Níbi tí Kirikou bá ti ń béèrè ìdí, ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ bi àwọn náà kí wọ́n tó gbọ́ ìdáhùn. Díìsìkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Àti eré àgbàlá yẹn, Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa nàka síra wọn mọ́. Ẹ ká bébà, ẹ kọ orúkọ sí i, kí kálukú yan tirẹ̀ láì wò ó. Lọ́sẹ̀ Kirikou, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa jà torí pé wọ́n fẹ́ ṣe Karaba. Òun ló ní àwọn ère tó ń jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" fún un.

Ìyá Léṣìn, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi díìsìkì náà rán ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́rú? Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ṣì ní ibi tí wọ́n ń ki díìsìkì bọ̀.

Olùkọ́ Faransé, Àgọ́-Ìwòyè

Mò ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ fúnra mi, mo máa gbé e wá. Ẹ bá mi wá gàrí tó kan dáadáa sílẹ̀.