Àbọ̀ ọ̀rọ̀ alágẹmọ mi: ó ti ń mumi o

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n wá sọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Mo bi yín nígbà yẹn pé alágẹmọ mi ò fẹnu kan omi inú abọ́, ojú ẹ̀ sì ti ń jìn wọnú. Òótọ́ lẹ sọ o, omi tó ń kán lórí ewé ló máa ń lá, mo wá gbé abọ́ yẹn kúrò, mo ń fọ́n omi sórí ewé àwọn ewéko tí wọ́n ń pè ní pothos àti ficus tó wà nínú ilé ẹ̀ láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ lọ́sàn-án torí tó bá ń rin ṣáá tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló máa kó àrùn. Mo ti fi nẹ́ẹ̀tì rọ́pò gíláàsì òkè. Gílóòbù UVB, ìyẹn iná tó ń tan irú ìtànṣán tó máa ń wá látinú oòrùn, ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré rárá, òun ló ń jẹ́ kí ara ẹ̀ rí calcium lò kí egungun ẹ̀ má baà rọ̀.

Ojú ẹ̀ ti yọ síta báyìí, ìtọ̀ ẹ̀ tó máa ń dì, tó ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀, ti funfun padà, inú mi dùn gan-an! Ẹni tó ní kí n ra ìkejì tì í, ẹ má bínú, mi ò ní ṣe é, àwọn alágẹmọ fẹ́ràn kí wọ́n máa dá gbé. Ẹ ṣé gan-an ni o, ọ̀rọ̀ ti parí.