Ìmọ̀ràn yín lórí postdoc nípa oògùn olóró: ètò T32 ni, àbí ọ̀gá kan ṣoṣo?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. PhD mi ń parí lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti dátà àwọn tí oògùn apárora ti di bárakú fún, mi ò sì tíì bá ẹyọ ẹnì kan nínú wọn sọ̀rọ̀ rí. Ó ń dùn mí. Ibi méjì ló ti fẹ́ gbà mí fún postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD) ní Amẹ́ríkà: ètò T32, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùwádìí tuntun níṣẹ́, tí NIDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí oògùn olóró, ń sanwó rẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a to dátà. Owó oṣù tí ọ̀gá yìí fẹ́ san ló pọ̀ jù. Mo ní green card. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn

Àbúrò, ṣe ni kí o dúpẹ́ pé o ní green card, torí ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní in nìkan ni T32 ń gbà. Mo lo ọdún méjì níbẹ̀. Ka ìwé tí wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí dáadáa: oṣù 12 àkọ́kọ́, gbèsè ni. Bí o bá ṣe ọdún kejì, òun náà ló ń san án. Bí o bá kúrò lẹ́yìn ọdún kan, wàá fi iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́ san án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba owó wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí iṣẹ́ mi padà nínú ètò náà ni ọjọ́ Thursday. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní methadone, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí irú oògùn apárora bẹ́ẹ̀ ti di bárakú fún, ni mo máa ń wà láti àárọ̀ kùtù. Nínú dátà mi, ẹni tí kò wá, mo ti kà á sí ẹni tó padà sídìí oògùn. Àfi ìgbà tí mo jókòó tì wọ́n tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wá: aago tí wọ́n ń pín oògùn gan-an ni wọ́n ń wọṣẹ́. Gbogbo ìṣirò yẹn ni mo tún ṣe. Ó gbà mí lóṣù mẹ́ta, mi ò kábàámọ̀.

Ìdáhùn

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ orúkọ T32 nìkan kò tó. Wá àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kàn. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Ṣé ọ̀gá wọn ń ka ìwé wọn, àbí ó ń jẹ́ kó sùn sórí tábìlì? Ta ló gba K99, owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń ṣe postdoc tó fẹ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí olùwádìí? Ẹ rántí pé K99 kò bèèrè green card, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ tí èèyàn ti ń ṣe postdoc kó tó béèrè fún un. Má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo bi ọ̀gá yẹn bóyá mo lè máa wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ó ní iṣẹ́ dátà kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe. Mo ti kọ̀wé sí àwọn T32 lálẹ́ àná pé mò ń bọ̀.