Èmi tí mo ṣe èrú lánàá, ṣé èmi ni yóò kọ ìwé ẹ̀sùn lónìí?

Ará Kubwa béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé Àbújá àti Òkè Ọya, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa ní Kubwa. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ìdajì yín yóò ti dá ẹjọ́ náà tán kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò kan ku ọ̀la, àwa mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì máíṣáì kan lálẹ́. Ọ̀kan nínú wa, ọmọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, ti ṣe ìwé kan sórí fóònù rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ kejì wà lókè ìwé náà, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni pé olùdíje wọn ti jáwọ́ fún tiwa. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ṣe ẹ̀rín nìkan ni mo rín, ìbá sàn. Èmi ni mo gba fóònù náà, tí mo rí i pé ó ṣi orúkọ alága wọn kọ, tí mo sì ní kí ó tún un ṣe kí ó lè jọ òótọ́. Kí ẹyin tí máíṣáì ń dín fún wa tó jinná, ìwé náà ti wọ agbo WhatsApp bíi mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìyá àgbà kan tí ó ti Byazhin wá sí ibùdó ìdìbò wa. Ó ń bi àwọn tí ó wà lórí ìlà bóyá òótọ́ ni pé ọmọ òun ti jáwọ́. Ẹnì kan ní òótọ́ ni. Ìyá náà ká káàdì ìdìbò rẹ̀ mọ́ inú aṣọ, ó sì padà sílé láì dìbò. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní báyìí, ó ti kan àwa náà. Ẹgbẹ́ kejì gbé fọ́nrán ohùn kan jáde, ohùn ẹnì kan tí wọ́n ní olùdíje wa ni, tí ó ń bú àwọn Gbàgyí tí wọ́n ni ilẹ̀ tí gbogbo wa ń gbé lórí rẹ̀. Irọ́ pátápátá ni, kódà bí ẹni náà ṣe ń sọ Haúsá kò jọ ti olùdíje wa rárá. Inú bí wa gan-an. Àwọn tí a jọ rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, wọ́n sì ní kí èmi akọ̀wé kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ INEC àti sí àwọn ọlọ́pàá. Mo ti jókòó sídìí ìwé náà fún alẹ́ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé ìwà tí a kò gbọ́dọ̀ bá lọ́wọ́ ọmọlúàbí ni, mo sì pa á rẹ́. Ṣé kí n kọ ọ́ ni, tàbí kí n fi í sílẹ̀? Bí mo bá sì kọ ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ nípa ti àkọ́kọ́?

Òṣìṣẹ́ Fẹ̀yìntì, Gwarinpa, dáhùn pé:

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ó kúrú jù. Abala 123 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ka kíkéde irọ́ pé olùdíje ti jáwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Abala yẹn kan náà ni ó ka pípa irọ́ mọ́ olùdíje láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Yàrá kan náà ni ohun tí ẹ ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe sí yín jọ ń sùn.

Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ojú mi ni ó ṣe. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, mo wo eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní Àbújá níbí, àwọn òṣèré kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Aminu Tambuwal, tí ó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin, fi PDP sílẹ̀ bọ́ sí APC. PDP ní àfi kí ó fi àga sílẹ̀. APC fèsì pé abala 50 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ti sọ pé àwọn aṣòfin ni yóò yan olórí láàárín ara wọn, kò sì dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ọlọ́pàá dí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin ń gun irin géètì bí ọmọdé tí ó lọ jí máńgòrò ká, wọ́n sì yin tajútajú. Ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn APC ń ṣọ̀fọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa, àwọn ti PDP sì ń sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2018, Bukola Saraki, tí ó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà, fi APC sílẹ̀ padà sí PDP. APC ní àfi kí ó fi àga sílẹ̀. PDP wá fa abala 50 yọ! Wọn kò tilẹ̀ yí gbólóhùn náà padà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ DSS tí wọ́n bo ojú dí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin láàárọ̀ kùtù, àwọn tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ ní 2014 lọ́fíìsì wa sì ń bi wa pé kí ni ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ tí a fi ń pariwo. Mo rán ọ̀kan nínú wọn létí omijé rẹ̀. Ó ní ti ìgbà yẹn yàtọ̀. Mo ní kí ó sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi. Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, kò tíì sọ ọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7 yẹn tí a kì í sábà rí. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni adelé ààrẹ nígbà náà, nítorí Buhari wà ní ìsinmi ní London. Ọmọ APC ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó ti yọ Lawal Daura, ọ̀gá DSS, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè ní ìdí mìíràn lọ́kàn o, inú ẹni kò ṣeé wò. Ṣùgbọ́n kò dúró béèrè ẹgbẹ́ tí ìdènà náà yóò ṣe láǹfààní kí ó tó pe ohun tí kò dára ní ohun tí kò dára. Kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ, àbúrò, kí o sì kọ ti ẹ̀yin náà mọ́ ọn.

Baálé Lugbe dáhùn pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa ní Gwarinpa, ìmọ̀ràn yìí yóò ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àwọn àgbà ni wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí akọ̀wé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ìwé tí ó ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣé ẹgbẹ́ kejì yóò jẹ́wọ́ tiwọn ni? Wọn yóò tẹ ìwé náà jáde, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri láti Kubwa dé Zuba. Ẹ dárúkọ òṣèlú kan fún mi tí ó sọ òótọ́ fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ rí, yàtọ̀ sí ẹni kan ṣoṣo tí ẹ mẹ́nu bà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria dáhùn pé:

Bàbá, ẹ ní kí a dárúkọ, mo ní ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1972, wọ́n mú ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Democrat ní ilé Watergate ní Washington. Ọwọ́ àwọn tí ń bá Ààrẹ Nixon polongo ìbò ni iṣẹ́ náà ti wá, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 ni ó dìbò fún un ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1974, àwọn aṣòfin mẹ́ta, Barry Goldwater, Hugh Scott àti John Rhodes, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican bíi tirẹ̀, lọ bá a, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn tí yóò gbè é lẹ́yìn nínú ilé aṣòfin kò tó nǹkan mọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ó kéde pé òun ń lọ. N kò sọ pé ó tètè yá wọn o. Ó tó ọdún méjì, ó sì di ìgbà tí ohùn Nixon fúnra rẹ̀ jáde nínú fọ́nrán kí púpọ̀ nínú wọn tó gbà.

Ìyá Ẹlẹ́wà, ọjà Nyanya, dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ọjà sọ ọ́. Kóńgò ni a fi ń wọn ẹ̀wà nílé. Níbí, múdù ni. Àwọn kan ní múdù méjì lábẹ́ tábìlì. Èyí tí wọ́n fi ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti oko, wọ́n ti fi òòlù lù ú láti inú títí ìdí rẹ̀ fi yọ síta, ó sì ń gba ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí wọ́n fi ń tà fún yín, wọ́n lù ú láti ìta ni, ìdí rẹ̀ wọ inú. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sórí tábìlì, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí ẹnu kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tí ó ní wọn kì í purọ́ nígbà tí ó bá ń kà wọ́n fún yín, múdù márùn-ún tí ó kà, márùn-ún náà ni.

Bí èèyàn ṣe ń dá ẹjọ́ òṣèlú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu wa, òfin, òtítọ́, ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹ yí múdù náà dojú dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ìyá tí ó padà sí Byazhin yẹn ni ó ń dun èmi. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti òkè wá, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀.

Ọmọ Sábó, Kánò, dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá wa, àmọ́ ẹ̀rù ohun kan ń bà mí, pé bí a bá ti ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní múdù èké, ẹnì kan yóò sọ pé gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é, yóò sì lọ sùn. Ẹni tí ó bá ṣe èyí tí ó burú jù ni yóò jèrè ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Ademola Adeleke ti PDP fi ìbò 353 ṣáájú nínú ìdìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun, INEC ní ìdìbò náà kò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje ní ọjọ́ 27, Gboyega Oyetola ti APC sì wọlé. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn ní Sábó pé òfin ni, kí wọ́n lọ kà á. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dé Kánò. Abba Yusuf, olùdíje PDP fún ipò gómìnà, ti fi ìbò 26,655 ṣáájú, wọ́n ní kò tíì parí, wọ́n sì tún un dì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2019. Ọjọ́ náà ni mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n mú igi àti àdá dúró ní ìkóríta, tí wọ́n ń bi ẹni tí ó bá ń kọjá pé ta ni ó fẹ́ dìbò fún. Mo padà sílé. Ganduje, gómìnà APC tí ó wà lórí àga, ni wọ́n kéde. Ìgbà náà ni mo tó rántí àwọn tí ó ké gbàjarè ní Ọ̀ṣun pé wọ́n dènà àwọn lọ́nà ibùdó ìdìbò, tí mo sọ fún pé wọ́n ń sọ àsọdùn.

Síbẹ̀, ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Pé kí INEC tún ìdìbò dì, òfin lè fàyè gbà á. Àdá ní ìkóríta, òfin kankan kò mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ti akọ̀wé wa yìí: ìwé irọ́ lé ìyá kan padà sílé, ó burú, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ó lè mú kí onílẹ̀ àti àlejò gbé ohun ìjà sí ara wọn burú jù ú lọ. Kí ó kọ méjèèjì, kí ó má sì purọ́ pé wọ́n rí bákan náà.

Ará Kubwa padà wá kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan Baálé Lugbe, nítorí ohun tí ó sọ gẹ́lẹ́ ni alága wa sọ.

Mo kọ ìwé náà ní ojú ìwé méjì. Ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ ti fọ́nrán, èkejì sọ ti ìwé irọ́ tiwa, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é àti ipa tí èmi fúnra mi kó nínú rẹ̀. Alága ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ń mi orí, ó ní ọmọ náà mọ̀wé. Nígbà tí ó ṣí èkejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì béèrè pé ta ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ní n kò ní yọ ọ́ kúrò. Ó ní kò burú, akọ̀wé kì í wọ́n ní Kubwa.

Ìyá Ẹlẹ́wà, mo wá ìyá náà dé Byazhin ní ọjọ́ Sátidé. Mo rí ilé rẹ̀, òun ni n kò rí. Àwọn ará ilé ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Minna, wọn kò sì mọ ìgbà tí yóò dé. N kò lè sọ ohun tí mo bá wá fún wọn.

Ọmọkùnrin tí ó ṣe ìwé irọ́ náà ni wọ́n ti fi sí ipò mi. Ó pè mí lánàá, ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ bá òun yẹ ìwé ẹ̀sùn tuntun wò, bóyá òun ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ.